Eyín Bàbá Rẹ̀ Lẹ́nu Ẹlòmíì

Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń pè é ní Ìyàwó Kọ̀ǹpútà, torí pé bó bá ti jókòó ti ẹ̀rọ náà láàárọ̀, àfi bí ebi bá lé e dìde. Eyín ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Kì í ṣe dókítà o, kò yọ eyín ẹnikẹ́ni rí. Bí eyín ẹnìkan bá kán, dókítà á ki nǹkan rírọ̀ kan sí i lẹ́nu, onítọ̀hún á fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ojú eyín á hàn nínú rẹ̀. Wọ́n á wá da ẹfun pípò sínú ojú ibi tó tẹ̀ yẹn, ẹfun á gan, á di àwòṣe ẹnu onítọ̀hún. Àwòṣe yìí ni wọ́n ń gbé wá bá Ìyàwó Kọ̀ǹpútà nínú páálí. Òun á ya eyín tuntun tó máa bá ẹnu náà mu sójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ mìíràn á sì gbẹ́ ẹ. Kì í rí ẹni tó ni ẹnu. Ẹnu nìkan ló máa ń rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ṣí páálí kan. Ohun tí dókítà kọ mọ́ ọn kò pọ̀: ọkùnrin ni, ọ̀kan nínú eyín iwájú rẹ̀ lókè ti kán, kí wọ́n bá a ṣe òmíràn. Ó gbé àwòṣe náà sábẹ́ iná.

Eyín bàbá rẹ̀ ló rí.

Bàbá náà ti kú láti ìgbà tí òun wà nílé ẹ̀kọ́ girama, àmọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kò kúrò lójú ọmọ. Eyín tó tẹ̀ lé méjì àárín, lápá òsì, yí díẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kan gun orí èkejì rẹ̀, bí ẹni tó ń fi èjìká gba ẹnu ọ̀nà tóóró wọlé. Igun rẹ̀ nísàlẹ̀ gé tíńtín, bí ìgbà tí eku bá tọ́ nǹkan wò. Nígbà tó wà ní kékeré, á jókòó sórí itan bàbá rẹ̀, á máa fi ìka kan eyín náà, bàbá á sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ gé ìka jẹ. Ìgbà tí tirẹ̀ náà wá hù, tó rí i pé gbogbo wọn tò gbọnrangandan bí ọmọ ilé ìwé tó wà lórí ìlà, ẹkún ló fi bọnu. Bàbá rẹ̀ ló fẹ́ jọ.

Eyín yẹn ló wá jókòó sínú ẹfun yìí, pẹ̀lú yíyí rẹ̀, pẹ̀lú gígé igun rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹní bíni là ń jọ. Gbólóhùn yìí ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn, kò sì rí i lé lọ. Bí ọkùnrin kan bá ń gbé eyín bàbá òun kiri ìgboro, a jẹ́ pé bàbá òun ló fún un. Ó fi àwòṣe sẹ́nu ẹ̀rọ, ó gba àwòrán rẹ̀, ó wá ń yí i sọ́tùn-ún sósì lójú kọ̀ǹpútà. Eyín tó yẹ kó ṣe wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín yẹn gan-an. Kọ̀ǹpútà ní àwọn eyín tí wọ́n ti kó sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, téèyàn kàn máa mú ọ̀kan, tá á fà á gùn tàbí tá á fún un mọ́ra títí tó fi máa bá àyè rẹ̀ mu. Ó mú èyí, ó dá a padà. Ó mú ìyẹn, ó tún dá a padà. Ọ̀sán pọ́n, kò tíì rí ọ̀kan ṣe. Ó fi fóònù ya àwòṣe náà, ó múra, ó forí lé ilé.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń gbé. Olùkọ́ ni ìyá náà kó tó fẹ̀yìn tì, obìnrin tí kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì níbi tí ọ̀kan bá ti tó. Àwòrán bàbá wà lára ògiri pálọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín teyín-teyín. Ìyàwó Kọ̀ǹpútà dúró síwájú rẹ̀, ó gbé fóònù sókè, ó wo èyí, ó wo tọ̀hún. Ọ̀kan náà ni. Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ gbígbẹ lórí àga lẹ́yìn rẹ̀, ó sì bi í pé kí ló ń wò tó báyìí.

Ó yẹ kó fi fóònù han ìyá rẹ̀ nígbà yẹn. Ká ní ó ti fi hàn án ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá má gùn. Àmọ́ ẹnu rẹ̀ yára ju ọwọ́ rẹ̀ lọ.

"Màámi, ṣé Dádì bímọ síta?"

Ìyá rẹ̀ ká aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó tún tú u, ó tún un ká.

"Ta ló sọ fún ẹ?"

Èyí ló wá da ọ̀rọ̀ rú. Bí ìyá bá ní rárá, á yé e. Bó bá bú u, á yé e jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n "ta ló sọ fún ẹ" kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun, òun kàn ń béèrè ni. Ìyá ní kò sẹ́ni tó kàn ń béèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó kó aṣọ, ó wọ yàrá lọ.

Ẹyin lohùn, bó bá ti balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni ìyá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní kó gbẹ́. Bí wọ́n bá ń jẹun lọ́wọ́, á dédé béèrè pé ṣé ọmọ òun rántí ọdún tí bàbá rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ nílùú kejì, tó jẹ́ pé ó máa ń pẹ́ kó tó wálé. Lọ́jọ́ kejì, á ní obìnrin kan wá síbi ìsìnkú tó sunkún ju àwọn ẹbí lọ, òun ò sì mọ̀ ọ́n títí dòní. Ọmọ á ní kó má ronú, ìyá á ní òun ò ronú. Ìgbà tí ó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan, àwòrán bàbá kò sí lára ògiri mọ́. Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù ló ti rí i, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ògiri bí ọmọ tí tíṣà ń jẹ níyà.

Dókítà eyín, obìnrin kan tí kò ní sùúrù púpọ̀, pè é pé iṣẹ́ ẹni tó ni eyín kíkán yẹn ńkọ́. Ìyàwó Kọ̀ǹpútà rí ọgbọ́n dá. Ó ní àwọ̀ eyín náà kò dá òun lójú, kí dókítà rán ọkùnrin náà wá kí òun fi ojú ara òun wò ó. Dókítà ní òun ti kọ àwọ̀ rẹ̀. Ìyàwó Kọ̀ǹpútà ní òun mọ̀, àmọ́ kó jọ̀ọ́, kó rán an wá.

Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ tí ọkùnrin náà máa wá, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú kọ̀ǹpútà. Ó ti ń ro ohun tó máa sọ: ṣé kó pè é ní ẹ̀gbọ́n ni, àbí kó kọ́kọ́ béèrè orúkọ ìyá rẹ̀? Ẹni tó wá wọlé mú ọ̀pá lọ́wọ́. Bàbá arúgbó ni, ó ju ọjọ́ orí tí bàbá rẹ̀ ì bá jẹ́ lọ dáadáa. Aago ló máa ń tún ṣe, ó ní kí wọ́n máa pe òun ní Bàbá Aláago bí gbogbo ayé ṣe ń pe òun. Ó rí dúdú, ó ga, etí rẹ̀ fẹ̀. Kò sí ibì kankan tó fi jọ bàbá rẹ̀, àfi ìgbà tó rẹ́rìn-ín, tí eyín yẹn yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo ibi tí ìkejì rẹ̀ ti kán.

Orí Ìyàwó Kọ̀ǹpútà dàrú. Bàbá rẹ̀ ò lè bí ẹni tó jù ú lọ. Ṣé ẹ̀gbọ́n bàbá òun ni? Àbí bàbá bàbá òun ló ti bímọ síta, tí ẹ̀ṣẹ̀ kò sì sí lọ́rùn bàbá òun rárá? Ó ń fi páálí tí wọ́n to oríṣiríṣi àwọ̀ eyín sí wé eyín ọkùnrin náà, ó sì ń bi í léèrè ibi táwọn ènìyàn rẹ̀ ti wá, bí ẹni tó kàn ń fi ọ̀rọ̀ pa àkókò. Bàbá Aláago dáhùn gbogbo rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Kò sí ìkankan tó kan ìdílé rẹ̀ nínú gbogbo ìlú tí bàbá náà dárúkọ.

Ibi tó wà nìyẹn tí páálí mìíràn fi dé láti ilé ìwòsàn kan tó yàtọ̀. Obìnrin ni wọ́n kọ sí i, àgbàlagbà. Ó gbé àwòṣe jáde. Eyín tó tẹ̀ lé méjì àárín lápá òsì yí díẹ̀, ó gun orí èkejì rẹ̀, igun rẹ̀ gé.

Ó jókòó. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò sì yé òun alára. Ṣé gbogbo ìlú ni ẹbí bàbá òun bí ni? Tàbí òun ni ojú òun ti ń ṣe wìnnìwìnnì, tí òun ń rí eyín kan níbi gbogbo bí ẹni tó ń rí ìran? Ó pe ọmọkùnrin tó ń gbẹ́ eyín ní yàrá kejì pé kó wá wo àwòṣe méjèèjì, kó sọ ohun tó rí. Ìyẹn wò ó, ó ní eyín ló rí.

Nígbà náà ló rántí Bàbá Eléyín.

Bàbá Eléyín ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ láyé ìgbà tí kò tíì sí ẹ̀rọ. Ìda ni wọ́n fi ń mọ eyín nígbà yẹn, pẹ̀lú ọ̀bẹ kékeré àti iná àtùpà. Òun nìkan ló ń ṣe é lágbègbè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà ló sì kọ́ Ìyàwó Kọ̀ǹpútà níṣẹ́. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú báyìí, àmọ́ ojoojúmọ́ ló ṣì ń wá, á jókòó sí yàrá ẹ̀yìn, á máa fi àtàǹpàkò yẹ eyín tí wọ́n bá ṣe tán wò. Ìyàwó Kọ̀ǹpútà rò pé bí ẹnikẹ́ni bá mọ ìdí tí eyín fi ń jọra, òun ni. Lọ́jọ́ kejì, ó yọ àwòrán bàbá rẹ̀ lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e dání lọ síbi iṣẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo fọ́tò yìí."

Bàbá Eléyín gbé e súnmọ́ fèrèsé, ó fi awò rẹ̀ lé e. Ó pẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rín sọ létè rẹ̀.

"Ó dáa. Ó dáa gan-an ni. Ìgbà wo ni mo ṣe èyí?"

"Ẹ ṣe kí ni, Bàbá?"

"Eyín wọ̀nyí. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin iwájú. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

Ìyàwó Kọ̀ǹpútà ní bàbá òun nìyẹn. Bàbá Eléyín tún wò ó, lọ́tẹ̀ yìí ojú àti iwájú orí ló wò, ó sì mi orí. Ó ní òun ò mọ ọkùnrin yìí rí. "Ẹnu nìkan ni wọ́n máa ń gbé wá fún wa, ọmọ mi. Ìwọ náà mọ̀."

Kò yé e. Ó ní kí bàbá tún un sọ. Bàbá Eléyín wá fara balẹ̀ ṣàlàyé. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ òun, àwọn tó ń ṣe eyín máa ń ṣe é kó gún régé, kó funfun, kó tò bí àwo orí àtẹ, ẹni tó bá sì rí i á ti mọ̀ pé eyín rírà ni. Ó ní òun ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́run kì í to eyín báyẹn. Nítorí náà, òun máa ń yí ọ̀kan díẹ̀, òun á jẹ́ kó gun èkejì rẹ̀ lórí, òun á gé igun rẹ̀ tíńtín kó lè dà bí èyí tó ti jẹun fún ọdún púpọ̀. Àwọn dókítà fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀.

"Ṣé èyí kan náà lẹ máa ń yí nígbà gbogbo?"

"Rárá o. Mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀."

Ìyàwó Kọ̀ǹpútà dìde. Ó lọ síbi àjà tí àwòṣe àwọn eyín tí bàbá ti ṣe láyé àtijọ́ wà, ó gbé páálí ńlá kan wá, eruku bò ó. Ó ń kó wọn sórí tábìlì níkọ̀ọ̀kan, bàbá sì ń fi àtàǹpàkò kàn wọ́n. Ọkùnrin, obìnrin, ẹnu ńlá, ẹnu kékeré. Apá òsì, apá òsì, apá òsì. Àtàǹpàkò bàbá dúró lórí ọ̀kan, ó pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá ọ̀nà tó sọnù.

"Mo rò pé mo máa ń pààrọ̀ rẹ̀," ó ní. Kò bínú, ojú kò sì tì í. Kò kàn yé e ni. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ohun tí ẹlòmíì fi pamọ́ sí i lára.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹbí ṣe di ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Nínú ẹfun, gbogbo eyín ló funfun bákan náà. Ẹfun kì í sọ èyí tí Ọlọ́run dá àti èyí tí ọwọ́ mọ, dókítà náà kò sì sọ. Ìyàwó Kọ̀ǹpútà ronú kan ara rẹ̀ náà. Àwọn eyín tó ń mú nínú kọ̀ǹpútà, mélòó ló ń mú nínú wọn ní tòótọ́? Ó ṣí iṣẹ́ tó ti ṣe sẹ́yìn, ó ń wò wọ́n. Kò pẹ́ tó fi rí i pé òun náà ní eyín ààyò, eyín róbótó kan báyìí, tí òun ti fi sí ẹnu àwọn tí kò bára wọn tan rárá. Ó pa kọ̀ǹpútà. Bó ṣe máa bẹ̀rẹ̀ lọ́la kò yé e mọ́.

Ó pe dókítà. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, kí páálí máa wá pẹ̀lú àwòrán ojú ẹni tó ni ẹnu, níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín, àti àwòrán ìgbà èwe rẹ̀ bó bá wà, kí dókítà sì máa sọ eyín tó jẹ́ àbínibí àti èyí tí wọ́n ṣe. Dókítà ní ta ló ní àsìkò ìyẹn. Ìyàwó Kọ̀ǹpútà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, òun ò lè máa ṣe eyín fún ẹni tí òun ò rí ojú rẹ̀. Dókítà ní òun á gbìyànjú, kí wọ́n ṣáà parí eyín ọkùnrin yẹn.

Eyín ọkùnrin yẹn ni ìṣòro. Kí ló máa wò ṣe é? Bó bá fara wé mẹ́ta tó kù lókè, tí Bàbá Eléyín ṣe, ọwọ́ bàbá náà ló fara wé. Bó bá mú láti inú kọ̀ǹpútà, ọwọ́ tirẹ̀ ni. Ó ní kí Bàbá Aláago mú fọ́tò ìgbà èwe rẹ̀ wá, bàbá mú ọ̀kan wá, àmọ́ ó ti pa ẹnu rẹ̀ dé gbọn-in nínú rẹ̀ bí àpò owó ahun. Ó ní báwo ni eyín òun ṣe rí tẹ́lẹ̀, òun ò rántí, ta ló ń wo eyín ara rẹ̀? Nígbà tó yá, ó ní àbúrò òun obìnrin ṣì wà láyé, gbogbo eyín rẹ̀ sì pé, àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwọn jọra bí ìbejì.

Ó mú un wá. Ìyá arúgbó náà jókòó sórí àga, ó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń fẹ́ lẹ́nu òun, àfi kí wọ́n má yọ ọ̀kankan. Ìyàwó Kọ̀ǹpútà ní kó ṣáà máa sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe tú aago bàbá wọn palẹ̀ lọ́mọdé tí kò mọ bó ṣe máa tò ó padà, àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rọ sì ń gba àwòrán. Eyín ìyá náà gùn, wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n yọ síta díẹ̀. Àwọn eyín ìsàlẹ̀ Bàbá Aláago, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí, rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Dókítà gbà pé kí wọ́n pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí pé àwọn tó kù náà ti gbó. Bàbá Eléyín fi àtàǹpàkò yẹ tuntun náà wò, ó ní òun ò lè sọ pé ó dáa tàbí kò dáa, kò jọ ohunkóhun tí òun mọ̀. Bàbá Aláago wo dígí títí. "Ta rèé?" ló sọ. Ó ṣí ẹnu, ó pa á dé. Àbúrò rẹ̀ ní ìyá àwọn ni. Bàbá ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni ìyá àwọn ṣe rí lóòótọ́? Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn jáde, Ìyàwó Kọ̀ǹpútà kò sì mọ̀ bóyá inú bàbá dùn.

Ní ti ìyá Ìyàwó Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ọjọ́ tí Bàbá Eléyín là á lójú náà ló ti sọ fún un. Ó gbé àwòrán padà délé, ó ní kó má wá ọmọ kankan káàkiri mọ́, kò sí ọmọ níta, eyín ló ṣi òun lọ́nà. Ó rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá rẹ̀ mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè.

"Eyín wo ni wọ́n ṣe?"

"Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin iwájú, Màámi. Ẹ ò mọ̀?"

Kò mọ̀. Ó ní òun pàdé ọkùnrin náà pẹ̀lú eyín náà ni. Ó ní ẹ̀rín yẹn lòun kọ́kọ́ rí kí òun tó mọ irú ènìyàn tó jẹ́, òun sì bá a gbé títí tó fi kú, kò sọ. Ó ṣubú ni o, ìjà ló jà ni o, òun ò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, inú bí i fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó tún rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti bínú sí i nítorí ọmọ tí kò bí, òun ò wá mọ̀ bóyá kí òun tún bínú sí i nítorí eyín tí kò hù.

Ọmọ ní ṣùgbọ́n báwo ni eyín rẹ̀ gangan ṣe rí. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bàbá kò sí láyé mọ́, kò sí ẹni tí wọ́n lè bi.

Ìyá rẹ̀ wò ó. Ó ní kó súnmọ́ ibi fèrèsé, kó la ẹnu. Ìyàwó Kọ̀ǹpútà la ẹnu bí ọmọdé. Ìyá mú un ní àgbọ̀n, ó gbé e sọ́tùn-ún, ó gbé e sósì, ó ń wo àwọn eyín tó tò gbọnrangandan yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní tòun kò rí báyìí. Ó ní ti ìyá òun náà kò rí báyìí. Ó wò ó títí ọrùn fi ń dun ọmọ.

"Mi ò mọ̀," ni ìyá sọ níkẹyìn. "Ó lè jẹ́ báyìí ni tirẹ̀ rí. Mi ò mọ̀." Ó tú àgbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kó pa ẹnu dé, kó lọ wẹ̀, oúnjẹ ti ń tutù.